Owó Alhaja Wà Lórí Òrùlé Wa

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìdájí, kò sì dá títí mo fi jẹun ọ̀sán. Mo gbé ike sí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbé ìkòkò sí pálọ̀, síbẹ̀ omi ṣì rí ibi tí mi ò gbé nǹkan sí. Ọ̀gbẹ́ni àlejò tó sùn ní yàrá kejì, èyí tó ń lọ ra gààrí ní Igbógilà, ṣí agboòrùn lé orí ara rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì sùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó sanwó, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ẹ̀kọ àti àkàrà. Mi ò mọ ibi tí mo lè fi ojú sí. Olúwa, mo dúpẹ́ tí ẹ rán onísùúrù sí mi lónìí, nítorí ẹlòmíràn ì bá ti gbé fọ́tò bẹ́ẹ̀dì yẹn sórí ayélujára.

Ní ọ̀sán, Ẹ̀gbọ́n Micah pè láti Èkó. Kò kí mi tán tó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Dinah, ilé Bàbá ti gbó. Ọkùnrin tó fẹ́ máa kó sìmẹ́ńtì síbẹ̀ ṣì ń pè mí."

"Ẹ sọ fún un pé ènìyàn ń gbé inú ẹ̀."

"Ta ló ń gbé ibẹ̀? Ìwọ àti ike?"

Ta ló sọ ti ike fún un? Ó ní òun ń bọ̀ ní Kérésì. Bí òun bá rí i pé òrùlé kò jò mọ́, tí ilé náà sì ń bọ́ ara rẹ̀, òun kò ní dárúkọ títà mọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí oṣù kìíní tó parí, ó ti di ti onísìmẹ́ńtì. Àwa méjì péré ni wọ́n bí, òun sì ni àgbà. Owó oṣù tísà Bàbá àti owó àjọ Màmá ni wọ́n fi kọ́ ilé yìí. Inú rẹ̀ ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, inú rẹ̀ náà ni mo padà sí nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tísà. Níbo ló fẹ́ kí n gbé ẹrù mi lọ?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Ìdùnnú, ọmọ mi, wá láti Ìbàdàn. Òun ló gba mí níyànjú pé kí n máa gba àlejò sí yàrá tó ṣófo, òun ló sì gbé ilé náà sórí ìkànnì. Mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún un. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Màmá, ẹ ta Dìsẹ́ńbà báyìí."

"Dìsẹ́ńbà tí kò tíì dé?"

"Ẹ̀hẹ́n. Ẹni tó bá sanwó sílẹ̀ báyìí, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún un. Ṣùgbọ́n bó wá, bí kò wá, owó kì í padà. Ẹ ó wá fi owó náà kan páànù."

Mo ní ìyẹn jọ jìbìtì létí mi. Ó ní kò sí jìbìtì nínú ohun tí a bá ti sọ kí ènìyàn tó fọwọ́ sápò. Ẹni tó bá fẹ́ ààyè láti yí ọkàn padà, kó san iye gidi nígbà tó bá dé. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀dínwó, kó dúró sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo rò ó títí tí ẹ̀wà fi jóná díẹ̀, mo sì rí i pé òdodo ni. Ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Mo kàn ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n da tiwọn síwájú, kí ti òjò yé dà lé mi lórí.

Ìdùnnú kọ ìkéde náà láìfi àmì ohùn kankan sí i. Ó ní wọ́sáàpù kò nílò àmì ohùn. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi wọ́n sí i fúnra mi.

Ọjọ́rú, 18 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹnì kan ṣoṣo ló pè. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ná an." Mo ní ẹ̀dínwó ti wà nínú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀dínwó tiyín nìyẹn. Tèmi ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò dín kọ́bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹni tí mo ń retí lórí fóònù fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Alhaja Mẹ̀dínátù ni, olóko gààrí láti Ìjoùn, obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà lódìkejì odò. Àzeezat, ọmọ rẹ̀, ń fẹ́ ọmọkùnrin kan láti Pọ́bẹ̀, lódìkejì ibodè, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ìlaròó ni wọn yóò ti so yìgì ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n Dìsẹ́ńbà, ó sì ń wá ibi tí àwọn àna yóò sùn sí. Ó wo yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tẹ fóòmù wò bí ẹni ń ra ẹran, ó sì ní òun fẹ́ gbogbo rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ka àdéhùn náà fún un lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe máa ń kàwé fún kíláàsì kẹta.

"Tísà, mo gbọ́. Bí mo wá, bí mi ò wá, owó kì í padà. Ta ló ń fi ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ ṣeré? Èènì mi ńkọ́?"

Mo fi ẹ̀yìnkùlé ṣe èènì fún un, pé kí wọ́n máa dáná níbẹ̀. Ó sanwó kó tó jókòó mu omi. Lẹ́yìn tó lọ, mo kọrin ìyìn kan tán pátá, tòun ti ègbè.

Ọjọ́ Ajé, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé pè láti Èkó. Ọmọ Ìlobì ni. Wọ́n fẹ́ ṣe ìrántí ọdún kẹwàá bàbá wọn, ilé ìdílé wọn kò sì gba gbogbo wọn. Ọjọ́ tí Alhaja gbà gan-an lòun náà fẹ́, nítorí àwọn àbúrò rẹ̀ tó wà lókè òkun á wálé Kérésì. Mo ní ó ti bọ́. Ó wá ní kí n fún òun ní ìparí oṣù kìíní, ọjọ́ kẹrìnlélógún sí ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n.

"Àwọn àbúrò mi á ti padà, Màmá. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ wá bá tó la ó mú."

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Òun náà sanwó sílẹ̀. Páànù ti délẹ̀ báyìí!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹwàá

Páànù kò délẹ̀ o. Iye tí wọ́n pè é lọ́jọ́ Ẹtì kọ́ ni wọ́n pè é lónìí. Mo bi ọlọ́jà bóyá páànù ń bímọ lóru ni. Ó ní, "Ìyá, dọ́là ni." Kí ló kan dọ́là pẹ̀lú òrùlé Ìlaròó? Mo rà á bẹ́ẹ̀ náà, àjà yóò dúró dìgbà mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Àúdù káfíńtà ṣí òrùlé tán ní àárọ̀. Ó wo ojú ọ̀run, ó ní òjò kò ní rọ̀. Òjò rọ̀. A da tapólì bo àwọn bẹ́ẹ̀dì, èmi àti Àúdù sì sá sí ilé ìdáná. Ó ní kí n má bínú. Mo ní Àúdù, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, má sọ tẹ́lẹ̀ nípa òjò mọ́ nínú ilé yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Oṣù Kẹwàá

Òjò ńlá. Mo jókòó sí pálọ̀, mo ń gbọ́ ariwo rẹ̀ lórí páànù tuntun, mi ò gbé ike kankan. Mo rìn láti yàrá dé yàrá bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Gbígbẹ ni gbogbo rẹ̀. Olúwa, ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ ti ń yọjú. Lẹ́yìn ìsìn, mo fọ gbogbo aṣọ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbẹ kí n tó jẹun tán.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kejìlá

Alhaja pè. Mi ò dá ohùn rẹ̀ mọ̀, nítorí ó rọlẹ̀. Bàbá ọkọ Àzeezat kú lánàá ní Pọ́bẹ̀, wọ́n sì ti sin ín. Ọkùnrin tó ti dáṣọ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀! Wọ́n ní kò sí ìgbéyàwó títí ogójì ọjọ́ òkú yóò fi kọjá. Mo kí i kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ó ní òun ń bọ̀ wá rí mi. Kò dárúkọ owó, èmi náà kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n owó náà wà láàárín wa bí ẹni kẹta.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Oṣù Kejìlá

Alhaja wá. Mo fún un ní omi, ó mu díẹ̀, ó gbójú sókè wo òrùlé.

"Ó dára o. Ṣé owó mi nìyẹn?"

"Owó yín ni, Alhaja. Mi ò ní purọ́ fún yín. Kò sí kọ́bọ̀ tó kù nínú ẹ̀."

"Tísà, ẹ kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní mo gbọ́. Mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́." Ó fi ìbòrí nu ojú. "Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ikú ń gbọ́ nígbà tí mò ń fọ́nnu. Bí mo bá tún ní láti wá yàrá mìíràn fún ìgbà tí ìgbéyàwó bá yá, ibo ni mo ti fẹ́ rówó ẹ̀?"

Ká ní ó bá mi jà ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń dá oníjà lóhùn. Mo ní kó fún mi láyè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fi ẹ̀fọ́ ìgbá ẹ̀yìnkùlé sínú báàgì fún un, bí ẹni pé ìgbá ló bèèrè.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kejìlá

Mo pe Ìdùnnú. Ó ní, "Màmá, ó dùn mí fún wọn, ṣùgbọ́n àdéhùn ni. Ẹ lè tún yàrá yẹn ta." Kò tíì pẹ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ tí obìnrin kan láti Èkó fi pè. Ó fẹ́ gbogbo yàrá lọ́jọ́ tí Alhaja gbà gan-an, ó ní òun á san iye gidi, láìní ẹ̀dínwó. Owó àjà nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀dà, pẹ̀lú kọ́tìnnì tuntun tí Ẹ̀gbọ́n Micah yóò rí kí ó tó rí ohunkóhun.

Mo ní kó pè mí padà. Ó wù mí, mi ò lè sọ pé kò wù mí. Mo gbàdúrà, ọkàn mi sì ń wọn kọ́tìnnì.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kejìlá

Mo ń gbálẹ̀ pálọ̀ nígbà tí ó sọ sí mi lọ́kàn. Pálọ̀ yìí náà ni Màmá ti ń kó àjọ jọ. Àjọ kì í dá owó padà fún ẹnikẹ́ni láàárín ọdún. Bí o bá sunkún, Màmá á bá ọ sunkún, kò ní dá a padà. Ṣùgbọ́n bí ìgbà kíkó rẹ kò bá bá ọ lára mu, o lè wá ẹni tí tirẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn kí ẹ jọ pààrọ̀. Màmá á kàn pe ẹ̀yin méjèèjì síwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ó tán. Mo kéré nígbà náà, èmi ni mo ń bu omi fún wọn, báwo ló ṣe jẹ́ pé òfin ìkànnì nìkan ni mo wá ń rò?

Ìparí oṣù kìíní, ogójì á ti kọjá. Ta ló sì ni ìparí oṣù kìíní? Ọmọ́délé, tó jẹ́ pé Dìsẹ́ńbà ló kọ́kọ́ fẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Mo ju ọwọ̀ sílẹ̀, mo wá fóònù mi kiri, àpò mi ló wà.

Ọmọ́délé ní, "Màmá, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti sọ ti oṣù kìíní fún gbogbo ènìyàn. Àlùfáà tó máa wàásù ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀."

Mo pe obìnrin Èkó, mo ní kó má dúró dè mí mọ́. Ó bínú. Èmi náà bínú díẹ̀, nítorí bí Ọmọ́délé bá kọ̀, mo ti pàdánù lápá méjèèjì.

Ọjọ́rú, 11 Oṣù Kejìlá

Ọmọ́délé kò pè. Lítà epo bẹntiróòlù tún ti wọ́n sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Oṣù Kejìlá

Ó pè! Àlùfáà gbà, àwọn àbúrò rẹ̀ sì ń ké fún ayọ̀ lórí fóònù lókè òkun bí ọmọdé, nítorí wọn ò rò pé wọ́n á lè bá wọn ṣe é. Mo da Alhaja pọ̀ mọ́ wa lórí ìpè kan náà, bí Màmá ṣe ń pe àwọn méjèèjì síwájú ẹgbẹ́, Ìdùnnú sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí.

"Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé, ṣé ẹ gbé oṣù kìíní fún Alhaja?"

"Mo gbé e fún wọn, tìfẹ́tìfẹ́."

"Alhaja, ṣé ẹ gbé Dìsẹ́ńbà fún Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́délé?"

Ẹkún ni Alhaja ń sun. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá yín sí afẹ́fẹ́ rere. Mo gbé e fún yín. Tísà, ṣé ẹ̀yìnkùlé mi ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní ó wà níbẹ̀. Kò sí owó tó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, síbẹ̀ gbogbo wa ló jèrè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá mi nínú ibojì rẹ̀. Ìdùnnú ní òun á fi kún ìkéde náà pé owó kì í padà, ṣùgbọ́n a lè pààrọ̀ ìgbà. Ó fi àmì ohùn sí i fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kejìlá

Ẹ̀gbọ́n Micah dé. Kò tíì kí mi tó fi gbójú sókè. Ó fi ọ̀pá kan páànù láti ìsàlẹ̀ ní ibi mẹ́ta. Ó ní, "Kò sí àjà." Mo ní ẹ kú ìrìn.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kejìlá

Àwọn ará Ìlobì dé ní ọ̀sán, ọkọ̀ lé ọkọ̀. Àwọn tó ti òkè òkun wá ń ya fọ́tò ògiri Bàbá bí ẹni pé ààfin ni. Gbogbo yàrá kún. Ìgbà yẹn ni Ẹ̀gbọ́n Micah rí i pé wọ́n ti gbé báàgì òun kúrò ní yàrá àkọ́kọ́, èyí tó kọjú sí ọ̀nà, yàrá tó ti ń sùn láti ìgbà èwe.

"Dinah, níbo ni èmi fẹ́ sùn?"

"Pálọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti tẹ́ ẹní fún yín."

"Èmi? Nínú ilé bàbá mi?"

"Ẹ ò san àsansílẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ pariwo. Ọmọ́délé tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n náà kò lè mú ojú le mọ́. Wọ́n jọ jókòó sí ìta, Ẹ̀gbọ́n ń sọ fún un bí Bàbá ṣe fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé yìí lélẹ̀. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kejìlá

Ẹ̀gbọ́n ti padà. Kò sọ pé a ó tà á, kò sọ pé a ò ní tà á. Ó kàn ní ẹ̀yìn òun ń dun òun. Ọkàn mi kò balẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kìíní

Ìgbéyàwó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀yìnkùlé mi kò rí irú òórùn ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ìyá ọkọ ìyàwó wọ aṣọ funfun, ó dì mọ́ mi, ó ń fi Faransé dúpẹ́, "mèsí, mèsí, màmá", ó tún bú sẹ́kún, èmi náà bá a sun ún. Àzeezat kúnlẹ̀ fún mi bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Kí Alhaja tó wọkọ̀, ó wọ pálọ̀, ó gbójú sókè sí òrùlé.

"Òrùlé, o káre. Tísà, nígbàkigbà tí òjò bá rọ̀, kẹ́ ẹ máa rántí mi o."

Mo dúpẹ́ fún gbogbo wọn lónìí, dé orí Àúdù tí kò mọ òjò. Ṣùgbọ́n oṣù kìíní ti ń parí lọ, ẹ̀gbọ́n mi kò sì tíì fọhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Oṣù Kìíní

Fóònù dún ní àárọ̀. Owó wọlé, orúkọ Ẹ̀gbọ́n Micah ló sì wà lára rẹ̀. Mo rò pé onísìmẹ́ńtì ti san díẹ̀ lára owó ilé, pé ìpín tèmi nìyí. Mo pè é.

"Ẹ̀gbọ́n, owó kí lẹ fi ránṣẹ́ yìí?"

"Yàrá tó kọjú sí ọ̀nà ni. Ọdún Àjíǹde. Mo ti yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò, bí ìkéde yín ṣe wí. Mi ò lè sùn lórí ẹní mọ́ láyé mi."

Mo gbójú sókè wo òrùlé. Ó ní, "Dinah, ṣé o ń gbọ́?"

"Mò ń gbọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ẹ wá, bí ẹ ò wá, owó kì í padà?"

"Mo mọ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún onísìmẹ́ńtì náà, pé kó wá ilé mìíràn."